Ọkọ̀ Asáré Bàbá Ìbejì

Ṣíbí wà lẹ́nu mi nígbà tí ọkọ mi sọ ọ́, díẹ̀ ló kù kí n gbé e mì.

"Ìyá Ìbejì, mo fẹ́ ra mọ́tò dókítà eléyín yẹn."

Mo ní, "Mọ́tò wo?"

"Èyí aláwọ̀ ewé yẹn. Eléyìí tó ní tọ́bò."

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ẹ̀rín máa yọ níbẹ̀. Ẹ̀rín kankan ò yọ. Ó ń ṣa eegun ẹja sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, àfi bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ata àti iyọ̀ ló ń bá mi sọ. Háà! Mo gbé ṣíbí kalẹ̀. Ọkùnrin tí mò ń bá sùn tí mò ń bá jí láti ìgbà tí àwọn ọmọ wa ò tíì hu eyín. Ọkùnrin tó jẹ́ pé tó bá ń wakọ̀ lọ, ìyá arúgbó tó ń fẹsẹ̀ rìn á kí i lọ́nà, á sì tún ṣáájú rẹ̀ dé ibi tí wọ́n jọ ń lọ. Òun ló fẹ́ ra ọkọ̀ asáré. Ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì tó rẹlẹ̀ bí àpótí ìdáná, tó dàgbà ju àwọn ìbejì lọ, tó jẹ́ pé tó bá ń kọjá, gíláàsì fèrèsé wa á máa gbọ̀n.

"Bàbá Ìbejì, ṣé ara yín yá?"

"Ara mi yá."

"Orí ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó bu omi mu, ó ní kí n jẹun tán kí òun tó ṣàlàyé. Ta ló fẹ́ jẹun mọ́?

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí a jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín. Aago ni ọkọ mi ń tún ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé wa: tábìlì kan, iná kan, àti awò róbótó kan tó máa ń há mọ́ ojú láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ó lè ki irin tí kò tó orí abẹ́rẹ́ bọ ihò tirẹ̀ láìjẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Èmi ní tèmi, mo ń kọ́ èèyàn ní ọkọ̀ wíwà. Mọ́tò tí mo fi ń kọ́ wọn ní bíréèkì méjì, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ tèmi, torí mi ò tíì ṣetán láti bá ọmọ ọlọ́mọ kú. Mo lẹ ìwé kan mọ́ ògiri ọ́fíìsì mi pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi eré dán mi wò, ẹsẹ̀ ló máa fi rìn délé lọ́jọ́ náà, kò sí ẹ̀bẹ̀.

Iṣẹ́ yìí ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀ débi pé ẹnu mi kì í dákẹ́ nínú mọ́tò. Gbogbo ohun tí mo bá rí lójú ọ̀nà ni mo máa ń pè síta. "Kẹ̀kẹ́ lápá ọ̀dọ̀ mi. Ọmọdé fẹ́ sọdá. Ìyẹn fẹ́ yà, ẹ jẹ́ kó yà." Bí mo ṣe ń ṣe é fún akẹ́kọ̀ọ́ ni mò ń ṣe é fún ọkọ mi tó bá gbé mi jáde. Àwọn ìbejì ní èmi ni rédíò tí kò ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á. Bàbá wọn ò bínú sí i rí. Á kàn ní, "Mo ti gbọ́," á rọra yà fún oníkẹ̀kẹ́, á máa bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo ti ṣe bí ẹni tó jẹun tán, ó ṣàlàyé. Dókítà eléyín, ẹni tó ń tọ́jú eyín ládùúgbò wa, gbé aago ògiri wá fún un láti tún ṣe, ó gbé ọkọ̀ náà sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ hàn án. Bí ọkọ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó rí níbẹ̀, ó gbàgbé oúnjẹ.

"Wò ó, èéfín tó yẹ kó gba ẹ̀yìn jáde, wọn ò jẹ́ kó lọ lásán. Wọ́n ní kó yí fáànù kékeré kan ná. Fáànù yẹn á wá máa fi tipátipá fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnì. Ohun tí gbogbo mọ́tò ń dà nù ló ń gbé ìyẹn sáré, Ìyá Ìbejì!"

"Kó máa sáré lọ. Ṣé ẹ̀yin lẹ rán an níṣẹ́?"

"Dókítà fẹ́ tà á. Ẹ̀yìn ti ń dùn ún, kò lè wọlé kó jáde nínú ẹ̀ dáadáa mọ́."

"Ẹ̀yìn tiyín, irin ni wọ́n fi ṣe é?"

Ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó wá ní, "Gbogbo ayé mi ni mo fi ń tún aago ṣe fún àwọn tó ń sáré. Èmi náà fẹ́ sáré díẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá rìn."

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò bèèrè nǹkan kan fún ara rẹ̀ rí. Kódà bàtà, èmi ni mo máa ń sọ fún un pé èyí tó wọ̀ ti lu. Owó kọ́ ni wàhálà mi, ó ti ń tọ́jú tirẹ̀ pa mọ́ díẹ̀díẹ̀, mi ò sì bá a wí. Ikú ni mò ń rò. Mo mọ ohun tí eré ń ṣe. Mo ti kọ́ ọmọ géńdé ní mọ́tò rí, mo bá a yọ̀ lọ́jọ́ tó gba ìwé àṣẹ, ọdún ò sì yípo tí mo fi lọ kí ìyá rẹ̀ kú ará fẹ́ra kù. Àwọn ìbejì ti lọ sílé ọkọ àti ibi iṣẹ́ wọn, àwa méjì la kù nínú ilé. Mi ò fẹ́ di opó nítorí fáànù.

Mo pe èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ìbejì lórí fóònù kó bá mi dá sí i. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Dádì wa? Dádì tí ìgbín ń kí ní 'Ẹ ǹlẹ́, ẹ máa bọ̀ lẹ́yìn'? Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà á wò. Tó bá gbé wọn lẹ́ẹ̀kan báyìí, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ fúnra wọn."

Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, mo rí i pé ọmọ mi gbọ́n jù mí lọ. Ẹ̀rù ló máa bá mi gba ọkọ mi sílẹ̀. Mo sọ fún un pé ó dáa, ká lọ wo ọkọ̀ náà, kó sì wà á níṣojú mi. Ó yà á lẹ́nu débi pé ó yọ awò kúrò lójú kó tó dá mi lóhùn.

Nígbà tá a débẹ̀, dókítà eléyín ti fọ ọkọ̀ náà, ó sì ti nù ún gbẹ. Ọkùnrin gíga ni, ó sì máa ń wo ẹnu èèyàn kó tó wo ojú. Ó jókòó sínú rẹ̀ kó lè fi bọ́tìnnì hàn wá, nígbà tó wá fẹ́ jáde, ó há. Ọkọ mi fà á lápá kan, èmi fà á lápá kejì, ó ń ké pé, "Ẹ rọra! Ẹ rọra!"

Mo ní, "Dókítà, ẹ fara balẹ̀, ẹ la ẹnu yín dáadáa, kò ní dùn yín."

Òun fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dìde tán, ó gbé ọwọ́ lé orí ọkọ̀ náà, ó kọjú sí ọkọ mi. "Ohun kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ ni. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pé kó sáré, kò ní kọ́kọ́ ṣe nǹkan kan. Ẹ má bínú sí i, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ kún un. Ó ń kó èémí jọ ni."

Mo gbọ́ ọ, mo sì gbá a mú. Mo mọ ọkọ mi. Tí aago ò bá dáhùn, á tún un yí díẹ̀ sí i ni. Á tẹ̀ ẹ́ kún un, á rí nǹkan tójú ń rí, ọ̀rọ̀ á sì tán.

A bọ́ síta. Dókítà dúró sílé torí àga méjì péré ló wà níbẹ̀. Títí tá a fi kúrò láàárín ilé, ọkọ mi ń wà á bó ṣe ń wa tiwa, jẹ́ẹ́jẹ́, èmi náà sì ń ṣe iṣẹ́ rédíò mi: ọmọ iléèwé nìyẹn, ajá nìyẹn, ẹ ṣọ́ obìnrin tó gbé ìkòkò òdòdó yẹn. Ó ń ní, "Mo ti gbọ́." Lẹ́yìn náà la yà sí ọ̀nà kan tó gba ẹ̀yìn àwọn ilé ìkẹ́rùsí, ọ̀nà tó tọ́ gbọọrọ, koríko lọ́tùn-ún, koríko lósì, kò sí ọkọ̀ kankan níwájú wa.

Mo ní, "Ó yá. Ẹ tẹ̀ ẹ́."

Ẹnu èmi olùkọ́ ọkọ̀ wíwà, ẹnu èmi ẹlẹ́sọ̀, ló ti jáde.

Ó tẹ̀ ẹ́. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Ṣé o rí i báyìí?" Ó tẹ̀ ẹ́ kún un. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Nǹkan kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé níwájú ẹsẹ̀ wa, bí omi tó fẹ́ hó nínú kẹ́tù, mo sì fẹ́ bi í pé kí nìyẹn.

Mi ò rí i bi. Ọkọ̀ náà gbéra. Ẹ̀yìn mi lẹ̀ mọ́ àga, orí mi lẹ̀ mọ́ àga, ìfun mi nìkan ló kù sẹ́yìn níbi tá a ti kúrò. Koríko di ìlà kan ṣoṣo. Mo fi ẹsẹ̀ wá bíréèkì tèmi, mo tẹ ilẹ̀ ọkọ̀. Mo tún un tẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Kò sí bíréèkì níbẹ̀! Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti ń jókòó ti awakọ̀, ọ̀rọ̀ kan ò jáde lẹ́nu mi.

Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín músẹ́ tó máa ń rín mọ́ oníbàárà. Ó ń rẹ́rìn-ín gidi, láti inú ikùn wá, irú èyí tí mo gbọ́ gbẹ̀yìn lọ́jọ́ tí wọ́n sọ fún un pé ọmọ méjì ni mo bí. Ẹ̀rù ń bà mí, inú mi sì ń dùn, mi ò sì mọ èyí tí mo máa fi ti èkejì.

Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò, eré bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ìgbà yẹn ni mo rí obìnrin kan lórí kẹ̀kẹ́. Ó ń jáde bọ̀ láti ọ̀nà kékeré kan lápá ọ̀dọ̀ mi, ó di búrẹ́dì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ibi tó wà, akẹ́kọ̀ọ́ mi tó burú jù lọ á rí i. Mo dúró kí ọkọ mi fẹsẹ̀ kan bíréèkì. Kò fẹsẹ̀ kàn án. Kò yà. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Mo la ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde.

Mo gbá sítẹ́árìn mú, mo fà á.

Ọkọ̀ náà yí ìdí, ó gun koríko, ó tún bọ́ sí títì. Obìnrin náà ti fò sínú koríko tòun ti kẹ̀kẹ́. Mo yíjú sẹ́yìn, mo rí i tó dìde, ó mú bàtà kan lọ́wọ́, búrẹ́dì fọ́n káàkiri. Mo dúpẹ́. Ohùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa kedere. "Ẹ fọ́jú ni? Àgbàlagbà méjì! Ẹ fọ́jú ni?"

Ọkọ mi dúró, ó yíjú sí mi. Mi ò rí i kó bínú báyẹn rí. "Ìyá Ìbejì! Kí ló dé tó o fa sítẹ́árìn mọ́ mi lọ́wọ́? O fẹ́ pa wá ni?"

"Oníkẹ̀kẹ́ ńkọ́?"

"Oníkẹ̀kẹ́ wo?"

Mo ti gbọ́ irọ́ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lóríṣiríṣi. Oòrùn ló wọ̀ wọ́n lójú, eṣinṣin ló bà lé wọn nímú, bàtà ló há. Mo mọ irọ́ bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Èyí tí ọkọ mi sọ yìí kì í ṣe irọ́.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo sáré padà lọ bá obìnrin náà, mo bẹ̀ ẹ́, mo bá a ṣa búrẹ́dì, mo san èyí tó bàjẹ́. Ọkọ mi tẹ̀ lé mi. Nígbà tí obìnrin náà rí i, ìbínú rẹ̀ rọ̀, ó ń wò ó tìyanutìyanu.

"Bàbá, mo ń wo ojú yín bí mo ṣe ń jáde bọ̀. Ojú yín là sílẹ̀ kedere. Mo rò pé ẹ ti rí mi ni."

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀, ó gbé búrẹ́dì kan tó kù, ó fi fún un.

A padà sínú ọkọ̀. Mo ní kó wo igi kan níwájú, kó má gbójú kúrò lára rẹ̀, tó bá ti rí ìka mi, kó sọ. Mo na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀, mo ń mi ìka, mo ń gbé e bọ̀ níwájú díẹ̀díẹ̀. Ó kọjá etí. Ó kọjá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìka mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan egungun ojú rẹ̀.

Ó ní, "Ṣé o ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

Mo gbé ọwọ́ náà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé imú rẹ̀ kó tó ní, "Òun rèé." Mo sọ̀ kalẹ̀, mo yí lọ sápá kejì, mo ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Bákan náà ni. Ihò kékeré kan ṣoṣo ló kù tí ọkọ mi fi ń wo ayé, aago tó ń tún ṣe sì ń gba inú rẹ̀ dáadáa.

Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ife omi tó máa ń dà nù lórí tábìlì, tí mò ń bá a jà pé kò fọkàn sí ilé. Èjìká tó máa ń fi gbá ilẹ̀kùn. Jẹ́ẹ́jẹ́ tó ń wakọ̀, tí gbogbo wa fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀. Kì í ṣe sùúrù nìkan. Èmi alára ni mo wá jẹ́ apá ọ̀tún àti apá òsì fún un, tí mò ń ka ojú ọ̀nà sí i létí, tó ń dá mi lóhùn pé òun ti gbọ́. Kò sọ rí pé òun ti rí i. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹnu mi kú, èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ kú pẹ̀lú rẹ̀. Èmi tó jẹ́ pé ojú àwọn ẹlòmíràn ni mo fi ń jẹun, tí mo máa ń mọ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ń wò kí òun tó mọ̀.

Mo pariwo mọ́ ọn. "Kí ló dé tó ò sọ fún mi?" Mi ò pe ọkọ mi ní "o" rí. Kò tiẹ̀ kíyè sí i.

"Kí ni ǹ bá sọ?" Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. "Ohun téèyàn ò rí, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé òun ò rí i? Mo rò pé bó ṣe rí fún gbogbo èèyàn nìyẹn."

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo nu ojú mi, mo ní ká pààrọ̀ àga, mo wa ọkọ̀ náà padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín láìtẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Dókítà eléyín ti dúró sẹ́nu géètì, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́.

"Báwo ló ṣe rí? Ṣé ẹ ń rà á?"

Ọkọ mi ní, "Ẹ fún wa láyè díẹ̀, Dókítà." Ó fọwọ́ pa òkè ọkọ̀ náà kó tó kúrò níbẹ̀.

Ọmọbìnrin tí kò ju àwọn ìbejì lọ ni dókítà ojú tá a lọ bá. Ó ní kí ọkọ mi gbé àgbọ̀n lé orí ẹ̀rọ kan, kó máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkigbà tó bá rí iná kékeré tó tàn. Èmi dúró lẹ́yìn dókítà, mò ń wo ojú ẹ̀rọ tirẹ̀ tó ń fi ibi tí iná ti ń tàn hàn. Iná ń tàn lókè, iná ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ ọkọ mi ò gbéra. Mo fẹ́ kígbe sí i pé ó wà lápá òsì. Mo di ẹnu mi mú.

Dókítà náà ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Nǹkan kan ń ti ojú láti inú, ó ti ń pa iṣan ojú náà díẹ̀díẹ̀ láìdun èèyàn. Ìríran tó ti lọ ò ní padà. Oògùn kíkán wà tí kò ní jẹ́ kí èyí tó kù tètè lọ. Ó lè máa tún aago rẹ̀ ṣe lọ. "Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọ́dọ̀ wakọ̀ mọ́, Bàbá. Láti òní lọ. Ọkọ̀ èyíkéyìí."

Ọkọ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣe lóore. A jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó, èmi dúró. Fóònù mi dún. Dókítà eléyín ni. Ó ní kí n má bínú, ẹlòmíràn ti dé, ó dúró ti ọkọ̀ náà nínú ọgbà báyìí, ṣé àwa ṣì fẹ́ ẹ?

Mo fi fóònù lé ọkọ mi lọ́wọ́. Mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ kó sọ. Kó ní ká rà á. Kó ní èmi ni kí n máa wà á, kí òun jókòó tì mí. Màá gbà. Màá já ìwé ara ògiri mi bọ́, màá gbé e lọ sẹ́yìn àwọn ilé ìkẹ́rùsí yẹn, màá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí á fi tún rín ẹ̀rín yẹn. Mo ń fi gbogbo ara bẹ̀ ẹ́ láìla ẹnu.

Ọkọ mi ní, "Ẹ tà á fún un, Dókítà. Ẹ ṣeun gan-an. Mọ́tò tó dáa ni."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń wá lẹ́nu rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo rí i gbà. Mo fi ẹ̀yìn yọ̀ lára ògiri, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, mo fi ìborùn di ẹnu kó má baà gbọ́ ẹkún mi.

Ó sọ̀rọ̀ tán, ó na fóònù náà síwájú, síbi tí mo dúró sí tẹ́lẹ̀.

"Gbà."

Ó dúró. Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ó yíjú sí apá kejì, ó tún yí i padà. "Ìyá Ìbejì? Níbo lo gbà lọ?"

Èjìká mi ń kan ẹsẹ̀ àga rẹ̀. Mo nawọ́ gba fóònù náà, ó sì ta gìrì.